Ìrọ̀rí Ewé Olóòórùn Dídùn, àti Ẹ̀rín Lẹ́yìn Olóògbé

Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rán ìrọ̀rí kékeré kan tí kì í ṣe òwú nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe ewé àti òdòdó gbígbẹ tí òórùn wọn dára. Abẹ́ ìrọ̀rí ńlá tí a fi ń sùn ni wọ́n ń tì í sí. Nígbà tí orí bá sì tẹ̀ ẹ́, òórùn ewé náà a máa jáde díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn kan ń pè é ní ìrọ̀rí oorun, àwọn mìíràn ní ìrọ̀rí àlá, nítorí wọ́n gbà pé kì í ṣe oorun nìkan ni ó ń mú wá, ṣùgbọ́n àlá rere pẹ̀lú. Mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ń ka ojú ìwé yìí bí a ti ń ṣe é. Mo sì fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé kan ní London nígbà tí a rán mẹ́ta nínú rẹ̀ láti ara aṣọ ẹni tí ó ti lọ. Nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti lọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ mi débi pé n kò lè yà wọ́n mọ́.

Àṣà náà kì í ṣe ti àná. Ní 1525, Richard Banckes, tí í ṣe òǹtẹ̀wé ní London, tẹ ìwé ewé kan jáde, nínú èyí tí a ti gba ẹni tí àlá burúkú ń dà láàmú ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi ewé rosemary sí abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Igi kékeré ni rosemary. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ sì le. Àwọn ẹni wa tí ń gbé ìlú òyìnbó mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń yan ẹran àgùntàn níbẹ̀. Ewéko mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní bedstraw, olódòdó wẹ́wẹ́ bí àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn àgbẹ̀ Europe fi ń kún tìmùtìmù ní ayé àtijọ́. Bí ó bá ti gbẹ, òórùn rẹ̀ a dàbí ti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé òun ni ó wà nínú ibùjẹ́ ẹran ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ìhìnrere kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Olórí ewé oorun ní ọ̀dọ̀ wọn ni hops. Ìtàkùn ni, tí ń gun igi. Nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Kent kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Flanders bí a ti ń gbìn ín, tí a sì ń fi òdòdó rẹ̀ pọn ọtí bíà kí ó lè korò díẹ̀. Nínú òdòdó náà ni ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú kan wà, àwọ̀ rẹ̀ bí ti ìyeyè, níbi tí gbogbo òórùn rẹ̀ ń gbé. Ní oṣù September ọdọọdún, àwọn tálákà ìhà ìlà-oòrùn London, ìyá, ìyá ìyá àti ọmọ, a máa di ìkòkò àti aṣọ ìbora wọn, wọn a gba Kent lọ láti já hops fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òun ni ìsinmi wọn, òun náà sì ni owó bàtà àwọn ọmọ. Kò dópin títí ẹ̀rọ fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn 1950. Àwọn tí ń já a a máa sọ pé òórùn rẹ̀ ń mú kí oorun kùn wọ́n ní ọ̀sán gangan. Àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrọ̀rí hops ni wọ́n ṣe fún Ọba George Kẹta ní 1787, ó sì ṣe é ní àǹfààní púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn mọ̀ pé ọba yìí kan náà ni orí rẹ̀ dàrú ní 1788. Nítorí náà kí a má ṣe bẹ ìrọ̀rí ní iṣẹ́ tí ó ju agbára ìrọ̀rí lọ.

Ní ti lavender, a kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni fi í hàn wá. Òdòdó àlùkò wẹ́wẹ́ ni. Omi rẹ̀ ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi sínú ìgò kó wá sí etí òkun wa, àwọn baba wa sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n pè é ní lọ́fíńdà, títí gbogbo omi olóòórùn dídùn lábẹ́ ọ̀run, ìbáà jẹ́ ti rose, ìbáà jẹ́ ti sandali, fi ń jẹ́ lọ́fíńdà ní ẹnu wa. Ohun tí ó kù ni mugwort, ewé kan tí ó korò, tí àwọn kan ń sọ pé ó ń mú kí àlá hàn kedere. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dàbí ti ilé tí a tì pa, kò sì yẹ kí aboyún fi ọwọ́ kàn án.

Bóyá àwọn kan ti ń wí nínú ara wọn báyìí pé, “Ewé lábẹ́ ìrọ̀rí? Kí ni ó yà á kúrò lára oògùn?” Ìbéèrè náà tọ́. A kò pe ọfọ̀ sí i, a kò gbé e ka ojú ohunkóhun, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ẹni tí ń fi efinrin lé ẹ̀fọn, tí ó sì ń mu omi koríko ọba nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, kò ní ìdí láti sá fún lavender. Òórùn ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ohun mìíràn.

Ṣùgbọ́n òórùn kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀nà tí ó ń gbà láti imú lọ sí ọpọlọ kúrú ju ti ojú àti ti etí lọ, ó sì ń gba ẹ̀bá ibi tí ìrántí àti ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé kọjá. Ní 2009, àwọn oníṣègùn kan ní Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì kọ ìwé lórí ohun kan tí wọ́n dán wò. Wọ́n mú àwọn obìnrin 15 tí ara wọn le. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá ti sùn, tí wákàtí àlá sì ti dé, wọn a fẹ́ òórùn sí wọn nímú, nígbà mìíràn èyí tí ó dàbí ti òdòdó rose, nígbà mìíràn èyí tí ó dàbí ti ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà wọn a jí wọn, wọn a sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí. Agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lá àlá òórùn fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ òórùn rose sí lá àlá tí ó tù wọ́n lára, àlá àwọn tí wọ́n fẹ́ òórùn ẹyin sí kò sì dùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kò sí ewé tí ó lè yan àlá fún ènìyàn; àlá tí ajá bá lá, inú ajá ni í gbé. Ohun tí òórùn lè ṣe ni pé kí ó tún ilé ṣe sílẹ̀ de àlejò. Kò lè pàṣẹ ẹni tí yóò wọlé.

Kí a tó dé orí rírán, ẹ jẹ́ kí a padà sí rosemary. Ewé yìí tí ń lé àlá burúkú kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń mú lọ sí ibi ìsìnkú ní ìgbà àtijọ́. Olúkúlùkù a mú ẹ̀ka kékeré kan lọ́wọ́, wọn a sì jù ú sí orí pósí nínú ibojì, láti fi hàn pé àwọn kò ní gbàgbé. Nínú eré Hamlet, tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí 1600, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa baba rẹ̀ ni ó ń pín rosemary kiri fún ìrántí. Ẹni tí ó bá ti ka eré náà yóò rántí baba náà pẹ̀lú: aláròyé ni, olófòófó ni, ẹ̀yìn aṣọ títa ni ó fara pamọ́ sí tí ń dẹtí nígbà tí idà fi bá a. Síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí a rántí rẹ̀, ìbànújẹ́ náà sì dà á lórí rú.

Ìyẹn ni ìṣòro tí ó wà nínú ìrántí. Àwọn baba wa wí pé ọjọ́ tí a bá kú ni a ń di ère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹ wo àwọn ìwé ètò ìsìnkú tí a ń pín ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa: gbogbo ìyá ni onísùúrù, gbogbo baba ni olóòótọ́ àti ọ̀làwọ́, bí àlejò bá kà wọ́n, yóò ṣe é ní kàyéfì pé ta ni ó wá ń ṣe ìjà tí a ń gbọ́ ní àwọn ilé wa. Àwọn akéwì oríki kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fetí sí oríki dáadáa yóò gbọ́ ti baba ńlá tí ó fẹ́ràn ẹmu ju iṣẹ́ lọ, àti ti èyí tí ó jẹ gbèsè tí ó sì sá, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyìn, ọmọ tí a ń kì a sì máa wú bí ó ti ń gbọ́ ọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà tún ọ̀nà yìí kọ́ láìpẹ́. Láti 1986 títí di 1994, Hugh Massingberd ni olótùú ojú ìwé ìtàn àwọn olóògbé nínú ìwé ìròyìn Daily Telegraph ní London. Kí ó tó dé, orúkọ oyè àti iṣẹ́ ìjọba tí olóògbé ṣe ni wọ́n ń kà lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé gbèsè. Ó ní kí wọ́n kọ ènìyàn bí ó ti rí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹnu ọmọlúwàbí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé olóògbé fẹ́ràn àwùjọ, kí òǹkàwé mọ̀ pé ọ̀mùtí ni. Bí wọ́n bá ní kì í ní sùúrù fún òmùgọ̀, ẹni tí ń jágbe mọ́ gbogbo ayé ni. Ẹni tí ó sì gbádùn adùn èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán ni. Massingberd fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ Kérésìmesì 2007. Mo rò pé ó ti fi ohun kan sílẹ̀ tí ó bá wa lára mu: a lè rẹ́rìn-ín òkú láìtàbùkù rẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n wí ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Peckham, tí wọ́n sùn ní London ní oṣù November 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ní 80 ọdún. Aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n tọ́ ọmọ, wọ́n sì kọ́lé sí Abẹ́òkúta láti ara ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo. Oníwàásù tí ó sin wọ́n sọ pé ẹni sùúrù ni wọ́n. Nígbà náà ni mo rí i tí àkọ́bí wọn ọkùnrin tẹ orí rẹ̀ ba láàárín eékún, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ará ìjọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń pa á lẹ́yìn pẹ́pẹ́ pé kí ó pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹkún. Ọmọ tí a ti fi rúlà ìránṣọ nà nítorí pé ó gun àtẹ̀gùn lọ́ra kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó dákẹ́.

Màmá kò rí ìnáwó kan rí tí iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ̀ pé. Kò sí agolo áísìkirimù kan nínú fìríìjì wọn tí áísìkirimù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gúsí ni, tàbí ata lílọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ti sunkún lórí rẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́n. Ohun tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé alálàá ni wọ́n. Ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ ni tẹlifóònù a máa dún: “Mo lá àlá rẹ lánàá.” Wọn kì í sọ àlá náà tán lórí tẹlifóònù, ènìyàn ní láti wá gbọ́ ìyókù ní ilé wọn, a kì í sì í fi ọwọ́ òfo wá gbọ́ àlá. Àkọ́bí wọn sọ pé ní gbogbo ọdún tí òun fi wà ní yunifásítì, Màmá kò lá àlá òun rí. Oṣù tí òun gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àlá náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó lá àlá gbogbo wa yìí lọ, kò sì sí ẹni tí ó lá àlá wọn. Èyí ni ó ń pa àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin lára. Òun ni ó tọ́jú Màmá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi jókòó tì wọ́n ní ilé ìwòsàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹwàá, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí ó lọ sí ilé kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó lọ, ó sùn, tẹlifóònù ni ó sì jí i. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ tòògbé, kì í rí ohunkóhun. Ó sọ fún mi pé, “Àǹtí, Màmá ń bínú sí mi ni. Bí wọn kò bá bínú, wọn ìbá ti wá.” Ó ti ká ìró àdìrẹ kan tí Màmá lò kẹ́yìn mọ́ inú ọ̀rá, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, ó sì fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, bí ó bá di òru, a tú u, a fi imú sí i, a sì tún un so.

Èmi ni mo ra ewé, ní oṣù April 2024, tí mo gbé e lọ sí Peckham ní ọjọ́ Sátidé. Mo rò pé bí oorun bá padà, ohun tí ó kù yóò rọrùn. Bí mo ti da lavender sórí tábìlì ni àkọ́bí wọlé. Ó wo tábìlì, ó wò mí. “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ewé kí ni ẹ fẹ́ kó sí abẹ́ orí ọmọ yìí?” Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé fún yín. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gé aṣọ Màmá níṣojú òun. Ìyẹn kò tíì tán nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ó le jù ú lọ dé, nítorí mo sọ pé a ní láti kọ́kọ́ fọ ìró náà.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀, nítorí ó kan gbogbo ilé tí ń kó aṣọ òkú pamọ́. Òórùn tí ó wà lára aṣọ náà kì í ṣe ti Màmá nìkan. Káńfọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn hóró funfun róbótó tí a ń fi sínú àpótí kí kòkòrò má bàa jẹ aṣọ. Púpọ̀ nínú hóró wọ̀nyí ni a fi ohun kan tí ń jẹ́ naphthalene ṣe. Májèlé ni, kò sì yẹ kí ènìyàn máa fa a símú ní gbogbo òru. Ó burú jù fún àwọn tí a bí láìsí ohun kan tí ó tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwa Yorùbá. Naphthalene a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọmọ tuntun tí a fi aṣọ olóòórùn káńfọ̀ wé lè ní ibà pọ́njú-pọ́njú tí yóò ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀.

Àbígbẹ̀yìn gbá aṣọ náà mọ́ àyà. “Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, kí ni yóò kù fún mi?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. A jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi tíì sì ń tutù. Lẹ́yìn náà ni àkọ́bí, ẹni tí kò fẹ́ kí a fi ọwọ́ kan aṣọ náà, sọ pé: “Oṣù márùn-ún láìfọ̀? Aṣọ Màmá? Bí a kò bá fọ̀ ọ́, àwọn fúnra wọn ni yóò jí wá fọ̀ ọ́, kò sì ní dára fún ẹnikẹ́ni nínú wa.” Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àbígbẹ̀yìn kí ó tó mọ̀, bí ó ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹkún dé, ó sì sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, pé òun sùn, pé òun ni òun sùn nígbà tí Màmá ń lọ.

Ẹ̀yin mọ̀ pé olóògbé ni a ń pe ẹni tí ó bá kú, èyí ni pé ẹni tí ó tòògbé. Àkọ́bí fà á mọ́ra, ó ní: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé oṣù November ni o rò pé Màmá di olóògbé? Wọ́n ti ń ṣe olóògbé ní ìlà kẹta nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún 40 ọdún. Ìwàásù wo ni wọ́n gbọ́ parí? Bí a bá jí wọn, wọ́n ní àwọn ń ro ọ̀rọ̀ náà ni. Ọlọ́run kò bá wọn wí nítorí oorun rí. Ṣé wọ́n wá lè bá ọ wí nítorí òru kan ṣoṣo?” Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó da omi sínú àwo ńlá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki aṣọ náà bọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a tó rán an, lórí ẹ̀rọ Màmá. Báyìí ni a ti ṣe é. A fọ àdìrẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin títí aró kò fi jáde mọ́, nítorí aró tuntun a máa ràn mọ́ aṣọ ibùsùn; a sì sá a síta, títí òórùn káńfọ̀ fi lọ pátápátá. A gé e ní ègé mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 7, ó sì gùn ní ínṣì 9, kí a lè rí ínṣì ìdajì ká sí etí kọ̀ọ̀kan. Láti inú aṣọ tẹ́rù ni a ti rán àpò inú, tí ó kéré díẹ̀ sí ti òde, nítorí ewé kò gbọdọ̀ kan àdìrẹ, bẹ́ẹ̀ ni rosemary kò gbọdọ̀ gún ni létí. Inú àpò tẹ́rù kọ̀ọ̀kan ni a da ẹ̀kúnwọ́ méjì hops sí, ẹ̀kúnwọ́ kan lavender, àti ṣíbí ìmutíì mẹ́ta rosemary tí a ti fi ọwọ́ rún. A fi òwú díẹ̀ yí i ká kí ó má bàa máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ orí. Àpò inú ni a rán pa. Ti òde ni a fi bọ́tìnnì mẹ́ta sí ẹnu rẹ̀, kí a lè máa yọ ọ́ fọ̀. Bí a bá kún un jù, yóò le bí òkúta. Kí ó ṣe pẹlẹbẹ ni ó dára.

Àkọ́bí ni ó ń já bọ́tìnnì láti ara àwọn bùbá àtijọ́. Inú agolo áísìkirimù kan ni ó ń kó wọn sí, kò sì ṣe é kí a má sọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rin a ti kí Màmá tán: ìjà wọn pẹ̀lú awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àdúrà wọn tí ń dárúkọ olè ṣáájú kí olè tó jalè, àti owó tí a rí nínú Bíbélì wọn, ní Orí kẹta Málákì gan-an, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá. Owó náà kò kúrò nínú Bíbélì rí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé kò nílò láti máa wá hops kiri. Òwú àràbà ni kí ẹ fi kún un. Koríko ọba tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì sá sí ibòòji títí yóò fi máa ṣẹ́ lọ́wọ́, a máa dára nínú rẹ̀, pẹ̀lú efinrin díẹ̀. Kí ẹ má ṣe sá ewé sínú oòrùn gangan, òórùn rẹ̀ yóò fò lọ. Kí ẹ má sì ṣe rán an nígbà tí ó ṣì tutù, yóò bu. Kí ẹnikẹ́ni má fi irú ìrọ̀rí yìí, tàbí ìrọ̀rí èyíkéyìí, sí abẹ́ orí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kí ẹni tí ó ní ikọ́ fée kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ ní ọ̀sán kí ó tó sùn lé e. Ẹni tí ó bá sì ní ajá nínú ilé, kí ó gbé hops jìnnà sí i, nítorí bí ajá bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ yóò gbóná títí ó lè kú.

Oorun àbígbẹ̀yìn padà díẹ̀díẹ̀. N kò mọ èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ hops nínú rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò sì wádìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù July, ní agogo márùn-ún, tẹlifóònù mi dún. “Àǹtí, mo lá àlá Màmá.” Mo jókòó lórí ibùsùn, mo bi í pé kí ni wọ́n wí. Ó ní wọn kò wí nǹkan pàtàkì kan: wọ́n wo ìrọ̀rí náà ní tinú-tòde, wọ́n ní bọ́tìnnì àárín wọ́, wọ́n sì béèrè iye tí mo ra lavender.

Òórùn ewé náà kì í pẹ́ ju ọdún kan lọ. Hops ní pàtàkì, bí ó bá ti gbó, a máa rùn bí wàràkàṣì. A ó tú àpò inú, a ó da ewé àtijọ́ sí ìdí òdòdó, a ó sì fi tuntun dípò rẹ̀. Àkọ́bí ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni a ó pààrọ̀ tirẹ̀.